Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Ya Àwòrán Gbọ̀ngàn Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kan gbogbo ẹni tí ó ń san owó orí, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀ inú oko tàbí akọ̀wé inú ọ́fíìsì. Owó wa ni a fi ń kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, ilé ẹjọ́, ilé aṣòfin àti ilé káńsù. Orúkọ wa ni a ń dá ní ọjọ́ tí a bá ń ṣí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ya àwòrán wọn, kò sí ẹni tí ó ń bi wá léèrè. Àwòrán náà a máa ti ọ̀nà jíjìn wá, tàbí kí ó ti inú àpò agbaṣẹ́ṣe jáde, ilé náà a sì dìde ní àárín ìlú bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé baba rẹ̀. Àwa sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ wa tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ń bẹ nílé. Ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ náà ka iwájú wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa má mọ ohun tí ọmọ tí a rán lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ń ṣe ní yunifásítì. Ní Ifẹ̀, ní Èkó, ní Àkúrẹ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń lò kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì tún padà lọ kọ́ sí i. Láàárín ọdún wọ̀nyí, àwọn olùkọ́ a máa fún un ní iṣẹ́ lóríṣiríṣi: ya àwòrán ọjà; ya àwòrán ilé ẹjọ́; ya àwòrán gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jókòó sí; ya àwòrán ààfin tí ọba lè ti gba àlejò, tí ìlú sì lè ti ṣe ọdún. Ọmọ náà a lọ wọn ilẹ̀, a wo ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, a bi àwọn àgbà léèrè ibi tí onílù ń dúró sí àti ẹnu ọ̀nà tí àwọn ìjòyè ń gbà wọlé. A fi òru ya á. A fi páálí gé àpẹẹrẹ kékeré rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò, a gbé e kọ́ sí ara ògiri, àwọn olùkọ́ a dúró yí i ká, wọn a sì máa da ìbéèrè bò ó títí òógùn yóò fi bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn a fún un ní máàkì, òun náà a ká àwòrán rẹ̀ jọ, a fi tì sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ikán ti ń bá a.

Ǹjẹ́ ẹ̀yin àgbẹ̀, ta ni nínú yín ni yóò gbin kòkó, tí yóò tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi so, tí yóò wá fi èso náà sílẹ̀ lórí igi kí ó jẹrà, tí yóò sì mú owó lọ ra kòkó ẹlòmíràn? Ohun tí a ń ṣe sí làálàá àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Kíkọ́ ilé tí ó yẹ ayẹyẹ kì í ṣe ohun àjèjì sí ìran wa. Kí Òyìnbó tó dé, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí kọ̀bì lára ilé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bóyá ilé ọba ni tàbí ilé mẹ̀kúnnù. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, àpáàdì ni a tò ní ìdúró, a gún un mọ́lẹ̀, a sì fi ṣe ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, tí ó fi jẹ́ pé òjò kò lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, àwọn Òyìnbó kò sì fẹ́ kí ó padà sílé mọ́. Àga ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún ọba, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum ní London títí di òní. Ẹni tí a rò pé kò mọ nǹkan, òun ni wọ́n ń gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pamọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wọ aṣọ aláṣọ. Ní 1929 ni a ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí ẹnjiníà Òyìnbó yà, tí ó fi òpó ńláńlá síwájú rẹ̀ bí ilé òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. A kò bú Mápó. Ó ti pẹ́ tí ó ti di ti wa, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìlú ni a sì ti sọ níbẹ̀. Ìjọba amúnisìn ni ó wà lórí àga nígbà náà, a kò sì ní agbára láti yàn. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí a gba òmìnira? Nígbà tí Nàìjíríà pe gbogbo ènìyàn dúdú àgbáyé wá sí Èkó ní 1977 fún ayẹyẹ Festac, kí wọ́n wá fi àṣà ilẹ̀ wọn hàn, inú gbọ̀ngàn ńlá Igànmú ni a kó wọn sí. Gbọ̀ngàn náà, tí a parí ní 1976, tí ó dà bí fìlà sójà, gbọ̀ngàn kan tí ó wà ní ìlú Varna ní ilẹ̀ Bulgaria ni a wò kọ́ ọ, àwọn ará Bulgaria náà ni ó sì gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ilé tí a fẹ́ fi àṣà ènìyàn dúdú hàn, ẹ̀dà ilé ẹlòmíràn ni! Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ilé náà ń bàjẹ́, títí ó fi di pé a tún ná owó gọbọi láti jí i dìde. Ní 2024 ni ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́. Orúkọ náà tó orúkọ. Ìbá sì ti dára tó bí ọwọ́ tí ó ya ilé náà bá jẹ́ ọwọ́ ọmọ wa pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ọmọ ilé ìwé ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ni ọmọdé mọ̀?" Ẹ jẹ́ kí a dáhùn pẹ̀lú ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà bíi tiwa.

Ní 1965 ni a bí Diébédo Francis Kéré ní abúlé Gando, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí. Baba rẹ̀ ni olórí abúlé náà. Kò sí ilé ìwé ní Gando, nítorí náà ọmọdé ni nígbà tí a ti mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn kí ó lè kàwé. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kọ́kọ́ kọ́, iṣẹ́ yìí náà ni ó sì gbé e dé ilẹ̀ Jámánì ní 1985. Nígbà tí ó ṣe, ó wọ yunifásítì ní Berlin láti kọ́ yíya àwòrán ilé. Kò tíì gba oyè rẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ya àwòrán ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún abúlé rẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó fi yà á. Amọ̀ ilẹ̀ wọn ni ó lò, ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, a sì tẹ̀ ẹ́ ní bíríkì. Àwọn ará abúlé kọ́kọ́ kọ̀; wọ́n ní ilé amọ̀ kì í la òjò já, wọn kò sì mọ ìdí tí ẹni tí ó ti ìlú Òyìnbó dé yóò fi máa sọ̀rọ̀ amọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi han wọ́n. Bíríkì amọ̀ náà ni ó fi ṣe àjà yàrá, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn kí ooru lè gba ibẹ̀ jáde. Lókè àjà yìí ni ó gbé páànù sí, lórí àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, tí páànù fi jìnnà sí àjà, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín àwọn méjèèjì kọjá. Ó na etí páànù náà jáde kí òjò má baà kan ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó lábẹ́ páànù ní ọ̀sán oṣù kejì mọ ìyàtọ̀ tí èyí yóò mú wá. Gbogbo abúlé ni ó kọ́ ilé náà: àwọn ọmọdé ṣa òkúta ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi, àwọn ọkùnrin mọ ògiri. Ní 2001 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní 2004, ọdún kan náà tí ó gba oyè, ilé ìwé náà gba ẹ̀bùn Aga Khan. Ní 2022, wọ́n fi ẹ̀bùn Pritzker dá Kéré lọ́lá, èyí tí kò sí ẹ̀bùn tí ó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ wọn. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Nígbà tí ìjọba Benin fẹ́ kọ́ ilé aṣòfin tuntun sí Àjàṣẹ́, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Porto-Novo, Kéré ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ lé lọ́wọ́. Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti dá ẹjọ́ àti láti gba ìmọ̀ràn ni ó fi ṣe àwòṣe: gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì wà lókè bí ẹ̀ka àti ewé, ọgbà tí ará ìlú lè rìn sí sì wà ní àyíká rẹ̀. Ta ni nínú wa ni kò mọ abẹ́ igi ọdán? Ọkùnrin Gando ni ó rí i kí àwa tí ó ni Àjàṣẹ́ ní ìbátan tó rí i.

Ọ̀nà tí a ó fi mọ ọmọ tí ó tó gbangbá sùn lọ́yẹ́ kò ṣòro. Ìdíje ni. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ ohun ìrántí sí Washington fún àwọn sójà wọn tí ó kú ní ogun Vietnam, wọ́n ké sí gbogbo ènìyàn pé kí ẹni tí ó bá lè yàwòrán mú tirẹ̀ wá. Àwòrán 1,421 ni ó wọlé. Wọ́n bo orúkọ gbogbo wọn, nọ́ńbà nìkan ni ó hàn. Ní 1981, àwọn adájọ́ mẹ́jọ fi ohùn kan yan ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tú orúkọ, ọmọbìnrin ọlọ́dún 21 ni wọ́n bá níbẹ̀, Maya Lin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yale, ọmọ àwọn òbí tí ó ti Ṣáínà wá. Iṣẹ́ kíláàsì ni ó kọ́kọ́ fi ṣe. Àwọn kan bínú gidigidi, wọ́n ní ògiri dúdú lásán ni. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1982. Orúkọ tí ó lé ní 58,000 ni ó wà lára òkúta náà lónìí, àwọn òbí àti ọmọ òkú sì ń wá fi ìka kan orúkọ ẹni wọn. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ àti ọjọ́ orí sí gbangba ni, ta ni yóò tilẹ̀ wo àwòrán ọmọdébìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì?

A kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ilé. Ilé lè wó, ẹ̀mí kò sì ní ààrọ̀. Àwọn àgbà iṣẹ́ ni a so mọ́ Maya Lin kí iṣẹ́ náà lè yọrí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a fi ẹnjiníà àti ayàwòrán ilé tí ó ti gbó sínú iṣẹ́ ti ọmọ wa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Ìkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí káńsù má ṣe kọ́ gbọ̀ngàn, ilé ẹjọ́ tàbí ilé ìgbìmọ̀ kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kéde ìdíje, kí ó sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú rẹ̀. Èkejì, kí a bo orúkọ mọ́lẹ̀ kí ó má baà di ọ̀ràn àna àti ìbátan. Ẹ̀kẹta, kí a gbé gbogbo àwòrán náà kọ́ sí ojú ọjà tàbí ojúde ọba fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà rí i, kí wọ́n sì sọ tiwọn. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó yà á sọ bí a ó ti jókòó nínú ilé náà ní ọ̀sán gangan nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́. Ilé tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí kò yẹ ilẹ̀ wa.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ rántí ilé gogoro alájà 26 tí ó wà ní Dùgbẹ̀, tí a parí ní 1965. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni a kọ́kọ́ pè é kí ó tó di Ilé Kòkó. Owó kòkó ni ó gbé e dúró. Ẹni tí owó rẹ̀ lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tí yóò ya àwòrán èyí tí ó kàn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Nígbà tí olùdíje bá dé tí ó ń ṣe ìlérí gbọ̀ngàn fún yín, ẹ máṣe tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé: ta ni yóò ya á? Níbo ni a ó ti rí àwòrán náà kí ẹ tó fọwọ́ sí owó? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìbò yín náà kò tíì rí ibi tí yóò gbà. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ara ẹni ṣe.