Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Ohun Tí A Fowó Wa Rà?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fowó ra nǹkan tí kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀ ni, ó sì kan gbogbo wa.

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní VLC. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo fíìmù, tí a sì fi ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Kóònù aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí ẹ̀yin awakọ̀ ń rí lójú títì, ni àmì rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1996. Ní 2001 wọ́n tú àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ síta fún gbogbo ayé: ẹni tó bá wù lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. A kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àjọṣe ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì mọ ohun tí àjọṣe ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ta fíìmù ń fẹ́ kí gbogbo ètò tí a fi ń wòran gba àgádágodo wọn sínú. DRM ni wọ́n ń pe àgádágodo náà. Wọ́n á ti fíìmù pa, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀rọ ẹni tó sanwó. Fíìmù wà lọ́wọ́ yín, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ̀rọ tí ẹ fi òógùn ojú yín rà ni wọ́n sọ di máígáàdì tí ń ṣọ́ ẹ̀yin onílé. Ètò tí gbogbo ayé lè ka inú rẹ̀ kò lè pa irú àṣírí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ gba àgádágodo náà, àfi kí ó gba àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Firefox nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún 2014, Mozilla, tó ti ń jà fún òmìnira tipẹ́, kéde pé àwọn yóò gba àpótí Adobe wọlé. Wọ́n ní kò wu àwọn, ṣùgbọ́n pé bí àwọn bá kọ̀, àwọn èèyàn yóò lọ wo fíìmù níbòmíràn. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí ọ̀nà tí àgádágodo yóò gbà wọlé: ibò 108 gbà, 57 kọ̀, 20 kò dá sí i. EFF, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ aráàlú, ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe pe ẹni tó bá ń wá àléébù inú àpótí náà lẹ́jọ́. Wọn kò gbà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni EFF kúrò nínú àjọ náà. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọ̀gá jókòó ìpàdé rí mọ ohùn yẹn: "Ẹ ṣì gba díẹ̀ yìí ná." Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí olè máa jẹ iṣẹ́ òṣèré àti olórin ni?" Rárá o! Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, owó iṣẹ́ wọn sì tọ́ sí wọn. Ẹni tó ń da fíìmù onífíìmù kọ tà, olè ni. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àgádágodo àwo DVD ti já láti 1999, nígbà tí ètò kékeré kan, DeCSS, jáde. Wọ́n gbé Jon Lech Johansen, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Norway, lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ẹjọ́ dá a láre ní 2003. Kí olè já ẹyọ kan péré ti tó o. Gbogbo ẹ̀dà tó bá tà lẹ́yìn náà kò ní àgádágodo mọ́. Ta wá ni àgádágodo dè? Ẹni tó ra ojúlówó ni. Àwo tí ẹ̀gbọ́n yín rà ní London, agbègbè 2 ni wọ́n kọ sí i. Tiwa ní Nàìjíríà, agbègbè 5. Ó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yín, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ pé. Ní 2009, Amazon nawọ́ láti òkèèrè, ó pa ìwé George Orwell tí àwọn oníbàárà ti sanwó rẹ̀ rẹ́ nínú ẹ̀rọ ìkàwé wọn. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá àgbà sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ta ló ni ìwé náà?

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má rò pé fíìmù nìkan ni. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998 nítorí àgádágodo báyìí ló wá de ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ tún ètò inú katakata wọn ṣe. Ní 2015 ni ìjọba tó yọ̀ǹda àtúnṣe ọkọ̀ àti katakata, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tún ìyọ̀ǹda náà béèrè. Nílé níbí, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2023, náà ka ṣíṣí irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Lọ́la, sípánà yóò wà lọ́wọ́ yín, ẹ́ńjìnnì yóò sì ní ẹ kò láṣẹ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí àwọn tó ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ má ṣe gba àgádágodo wọlé. Kí àwọn aṣòfin wa kọ ọ́ sínú òfin kedere pé ẹni tó ra ẹ̀rọ lè tún un ṣe. Kí ẹ̀ka wa máa tọ́jú fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ti ìpàdé lọ́nà tí ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò fi ní tọrọ ààyè kí ó tó wò ó. Kí àwa náà sì máa ra ojúlówó, kí oníṣẹ́ lè jẹun.

Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló ni ilé. Ẹ má jẹ́ kí a sanwó ilé tán, kí a tún máa kan ilẹ̀kùn.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!