Ẹ Jẹ́ Ká Padà Sídìí Ẹran Bíbọ̀

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Àgọ́ Palace dá owó jọ, a sì ra adìẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. A ti wo fídíò lórí YouTube bí àwọn ará òkè òkun ṣe ń se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n á kó o sínú fíríṣà, tí wọn kò sì ní yọjú sí ìdí ààrò mọ́ títí Àìkú mìíràn. Ó wù wá. A da kọ́rì, táìmù, ata gbígbẹ àti Maggi sí i, a sè é, a kó o sínú fíríṣà. A wá ń rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ ebi kò lè tó wa mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, tíráńsífọ́mà àdúgbò wa bẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni a kò fi rí iná. Nígbà tí iná dé, ẹran náà tún dì gbagidi, kò rùn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà. Ọ̀kan nínú wa jẹ ẹ́ lálẹ́. Kó tó di ìdájí, ó ti ń bì, inú sì ti ń ṣu ú. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà nígbà tí àwọn yòókù wọlé ìdánwò aago mẹ́sàn-án. Kọ́ọ̀sì náà di carryover sí i lọ́rùn.

Látìgbà náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. A kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má se adìẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Owó tí a ń ná sórí abọ́ ìrẹsì àti adìẹ márùn-ún ní búkà ń tó wa ra odidi adìẹ kan. Ẹni tó bá sì ti Cele wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò ní agbára láti máa ge ẹran. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìwé kíkà náà sì wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé ká bọ̀ ọ́ lásán, kó má pọ̀ ju ohun tí a lè jẹ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ká má sì fi ẹ̀mí wa lé fíríṣà lọ́wọ́.

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ rò pé orí YouTube ni ọgbọ́n yìí ti wá. À ń se ìrẹsì, à ń ro ẹ̀fọ́, à ń dín àkàrà, à ń yan ẹja. Ẹran tí a kàn fi omi àti iyọ̀ gbé kaná, bíbọ̀ la bọ̀ ọ́. Ẹ ó rántí láti inú kíláàsì pé ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yìí máa ń di àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: a bọ̀ ọ́, a bọ ẹran. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún bíi ti ẹni tó ń bọ òrìṣà, àwọn kan láàárín wa sì ń bọ ẹran bẹ́ẹ̀ lóòótọ́! Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ẹran bíbọ̀ kì í ṣe òpin iṣẹ́. Bí a bá bọ̀ ọ́ tán ni a tó mọ̀ bóyá dídín ni a ó dín in ni o, tàbí a ó jù ú sínú ọbẹ̀.

Ohun tí ẹran oníkọ́rì wa kò lè ṣe nìyẹn. Kò ṣeé jù sínú ẹ̀fọ́, kò bá ilá mu, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kẹta, òórùn táìmù ti sú wa. Ẹran tí a bọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà nìkan ń bá gbogbo oúnjẹ rìn. Lọ́jọ́ Ajé, a lè ya á wẹ́wẹ́ sínú Indomie. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a lè dín in díẹ̀, ká fi ata yí i fún ìrẹsì. Lọ́jọ́rú, ó di ti ẹ̀fọ́ rírò. Omi rẹ̀ náà ń dùn nínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù.

Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. A máa ń ra adìẹ tí wọ́n pa lójú wa. Láti 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó adìẹ dídì wọ Nàìjíríà, nítorí náà èyí tí wọ́n bá gbé gba ẹnubodè wọlé ní kọ̀rọ̀, ta ló mọ iye wákàtí tó ti lò nínú oòrùn? Adìẹ kan tó tó kílò 2 ń tó wa. A ó gé e sí ọ̀nà 12, a ó bu omi tó kàn bò ó, iyọ̀ àti àlùbọ́sà, a ó dé e, a ó sì rọ iná gáàsì sílẹ̀ bó bá ti hó. Broiler kì í gbà ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ògbólógbòó adìẹ tó ti yé ẹyin tán lè gbà ju wákàtí kan lọ, gáàsì tó ń jẹ sì lè gba èrè owó pọ́ọ́kú tí a fi rà á. A ó tẹ́ ẹ sórí tíréè kó tutù, a ó sì pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ti oúnjẹ ẹnì kan ìgbà kan. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ti sè má wà níta ju wákàtí 2 lọ kó tó wọ inú òtútù.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A di 225 náírà fún yúnìtì kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Kì í ṣe gbogbo òpópónà ló wà ní Band A, tíráńsífọ́mà kò sì mọ ìlérí. Fíríìjì tí a kò ṣí lè di òtútù mú fún nǹkan bí wákàtí 4. Fíríṣà tó kún dé ìdajì lè dì í mú fún nǹkan bí wákàtí 24. Nítorí náà, bí iná bá lọ, a ń kọ aago rẹ̀ sára ilẹ̀kùn fíríìjì. Kí wákàtí 4 tó pé, a ó kó ẹran jáde, a ó fi ṣe ọbẹ̀, a ó pe àwọn ará yàrá kejì, a ó sì jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí tiwọn bá kan ìyẹn, àwọn náà á pè wá. Ẹran tó bá ti lo òru mọ́jú láìsí òtútù, dídà nù ni. Gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kan sí i kò lè mú gbogbo májèlé tó ti wọ inú rẹ̀ kúrò.

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ẹran oníyọ̀ lásán, ẹran aláìsàn ni. Àwa náà sọ ọ́ rí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde á sì ní àwọn ti jẹ gaàrí yege, kí la ń fi adìẹ ṣe? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfaradà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbé lọ sílé ìwòsàn yẹn kò jẹ ìjẹkújẹ. Owó rẹ̀ ló fi ra ẹran, òun náà ló sì kó o pamọ́ bí fídíò ṣe ní kó ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibi tí iná kì í lọ ni wọ́n ti ya fídíò náà.

Adìẹ kan lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá di Ọjọ́rú, kó ti tán. Bí owó bá wà, ká bọ òmíràn.