Ta Ni Ó Ni Ọ̀nà Tí Ó Lọ sí Àpápá?

Ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin àgbẹ̀ tí kòkó àti kajú yín ń lọ sí òkè òkun, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó kan ẹni tí ń gbé Ajégúnlẹ̀, tí ó sì kan ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Èkó rí. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọ̀nà tí ó lọ sí Àpápá, àti irú òfin tí ó yẹ kí ó máa ṣe àkóso rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ọ̀nà tí ó wọ Àpápá, gbogbo ayé ni ó sì fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Boundary ni Ajégúnlẹ̀ ti pàdé Àpápá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà lójoojúmọ́ lọ sí wọ́ọ̀fù, sí ilé ìfipamọ́-ẹrù, àti sí ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Àpápá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A kò bá ìjọba jà lórí èyí, nítorí pé jàǹbá ọ̀kadà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ, kí ni a fi lé e lọ́wọ́? Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ń ti Mile 2 lọ sí Marina, kò wọ Àpápá. Nítorí náà dánfó ni ó kù. Dánfó náà a sì tò sẹ́yìn tírélà pẹ̀lú ènìyàn 14 nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù tí ọ̀gá kan ṣoṣo jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìwé ìròyìn tiwa ni ó ń kà. Àwa kò ní tìtorí ìyẹn dákẹ́.

Nígbà tí ọ̀nà kò bá gba gbogbo ènìyàn, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọjá?

Àwọn ẹlòmíràn ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí rí. Ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀nà ńlá Shirley tí ó ti Virginia wọ Washington, wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ní 1969. Nígbà tí ó di 1973, wọ́n gba mọ́tò ẹni tí ó bá kó ènìyàn mẹ́rin láàyè láti máa bá bọ́ọ̀sì gba ibẹ̀. Èrò wọn yé wa: kí aládùúgbò mẹ́rin tí olúkúlùkù wọn ní mọ́tò jùmọ̀ wọ ẹyọ kan, kí wọ́n fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ nílé. Òfin bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Bí ẹnì kan bá wá wí pé kí a gbé e wá sí Àpápá bí ó ti rí, àwa yóò kọ̀. Ní Jakarta, ní ilẹ̀ Indonesia, láti 1992 títí di 2016, òfin wà pé mọ́tò tí kò bá kó tó ènìyàn mẹ́ta kò gbọdọ̀ gba àwọn ọ̀nà pàtàkì kan ní àkókò tí èrò pọ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin tí ó pọn ọmọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń gba owó láti jókòó sínú mọ́tò kí iye ènìyàn lè pé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó, ẹ bi ara yín léèrè bóyá yóò pé ọ̀sẹ̀ kan kí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó délẹ̀ ní Boundary, tí yóò sì ní ẹgbẹ́, alága àti tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀! Èkó pàápàá ti tọ́ irú rẹ̀ wò. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n fi nọ́ńbà pín àwọn ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì, tí apá kan ń jáde lónìí tí èkejì ń jáde lọ́la. Olówó bá ra ọkọ̀ kejì. Òfin tí owó lè rà, owó yóò rà á.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ti ń jùmọ̀ wọ ọkọ̀ kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti ìgbà tí dánfó ti dé ni.

Èyí tí ó bá wa mu ju ìyẹn lọ ni ọ̀nà BRT, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008, kìlómítà 22 láti Mile 12 dé CMS. Wọ́n fi kọnkéré pààlà ibi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bọ́ọ̀sì tí ìjọba fún ní àṣẹ nìkan ni ó sì tọ́ sí. Ètò náà dára, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wọ aṣọ ìjọba, àti àwọn tí ń fọn fèrè láìsí iná tí ń jó níbì kan, ti sọ ọ́ di ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní oṣù Keje ọdún 2012, Gómìnà Babatunde Fashola fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti dá ọ̀gá ológun kan dúró lórí ọ̀nà BRT. Inú wa dùn sí ohun tí ó ṣe, ó sì bà wá nínú jẹ́ pẹ̀lú: bí gómìnà bá ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣọ́ òfin, ta ni yóò ṣọ́ ọ ní ọjọ́ tí gómìnà bá gba ibòmíràn?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ lè wí pé èyí kò kàn yín. Ó kàn yín. Nígbà tí tírélà tí ó kó kòkó láti Ondo bá sùn sójú ọ̀nà, ẹni tí ó fẹ́ fi kòkó náà ránṣẹ́ kò ní san owó ìdúró náà láti inú èrè tirẹ̀. Àárín owó tí alágbàtà yóò san fún yín lábúlé ni yóò ti yọ ọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ètò, pé kí tírélà dúró sí gáréèjì títí a ó fi pè é. Orúkọ náà dára. Síbẹ̀ àwọn awakọ̀ ń ké pé owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn lójú ọ̀nà.

Ohun tí a ń bèèrè rèé. Lórí àwọn ọ̀nà tí ó wọ Àpápá, kí a ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ láti aago 6 sí aago 9 òwúrọ̀, àti láti aago 4 sí aago 8 ìrọ̀lẹ́, fún bọ́ọ̀sì àti dánfó tí ó forúkọ sílẹ̀. Dánfó tí ó bá dúró láàárín ọ̀nà náà láti gbé èrò, kí ó pàdánù àyè rẹ̀. Kí ọkọ̀ aláìsàn àti ti panápaná máa gbà á nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó má ṣe tọ́ sí ológun tí ń lọ sí ilé ara rẹ̀, tàbí sí òṣèlú, ìbáà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ní òru, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ti sùn, kí ọ̀nà di ti tírélà tí a ti pè, kí ẹrù àgbẹ̀ lè wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Báńkì ni kí a ti máa san owó ìtanràn, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni, kí a sì fi Yorùbá tí ó yé ènìyàn kọ òfin náà sára pátákó.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá àti ti Ajeromi-Ifelodun bá ìjọba ìpínlẹ̀ jókòó, kí wọ́n fi ojú ọ̀nà tí ó ti Boundary lọ sí wọ́ọ̀fù dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n ka iye ènìyàn, kì í ṣe iye ọkọ̀, tí ó ń kọjá níbẹ̀ láàárín wákàtí kan kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún kà á lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì gbé iye méjèèjì jáde fún gbogbo ìlú láti rí.