Iṣẹ́ Ọwọ́ Ni Kọ̀ǹpútà, Kì í Ṣe Àkọ́sórí

Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ télọ̀ nípa kí ó máa ya àwòrán máṣíìnì sínú ìwé. Ní Ìkòròdú tí mò ń gbé, ọmọ tó bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ yóò tẹ máṣíìnì, yóò rán aṣọ, yóò tú u, yóò sì tún un rán. Ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì yóò fi ọ́ìlì ra ara. Ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi mọ ibi tí pákó ti pàdé pákó, nítorí náà, bí omi bá ń wọlé, ó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni a fẹ́ máa kọ́ lẹ́nu lásán. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó jáde ní SS3, ó yẹ kí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sọ́fúwíà kan, ó kéré tán, láti inú kóòdù ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ó fi í sórí ẹ̀rọ, kí ó sì lò ó. Kóòdù ìpìlẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ṣe sọ́fúwíà kọ, tí ènìyàn lè kà, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Sọ́fúwíà tí mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀ ni Wireshark, èyí tó ń yẹ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wò. Ó ń fi ohun tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ wa àti ohun tó ń wọlé hàn wá, ibi tó ti wá, ibi tó ń lọ, àti bí ó ṣe tóbi tó.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é báyìí. Tíṣà yóò kọ ìtumọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sójú pátákó, a ó dà á kọ. A ó kọ LAN, MAN àti WAN. A ó ya àwòrán kan tó dà bí ìràwọ̀, a ó pè é ní star topology. Nígbà ìdánwò, a ó da gbogbo rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbà á, a ó sì gba A. Ṣùgbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ tó gba A àti ìyá rẹ̀ tí kò lọ sílé ìwé rárá, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì yóò ṣe: wọ́n á pa fóònù, wọ́n á tún un tàn. Kí wá ni A náà wà fún?

Àìlówó ló bí Wireshark. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Gerald Combs, ará Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì. Ó nílò irinṣẹ́ tí yóò fi yẹ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wò, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́jà nígbà náà ń lọ sí nǹkan bí 1,500 dọ́là, kò sì ṣiṣẹ́ lórí irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò. Kò jókòó kó máa ráhùn. Ó kọ tirẹ̀, ó gbé e jáde ní 1998 pẹ̀lú orúkọ Ethereal, ó sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè bá a dá sí i. Ní 2006 ni orúkọ náà yí padà sí Wireshark. Ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Ìwé àṣẹ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GPL, fún èmi ọmọ Ìkòròdú ní ẹ̀tọ́ láti ka kóòdù náà, láti yí i padà, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Àwa tí a ń ké pé a kò lówó, kí ló dé tí a kò gba ohun tí wọ́n ti gbé sẹ́nu ọ̀nà wa?

Kíkọ́ rẹ̀ kì í ṣe idán. Lórí Linux, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba kóòdù náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì kó àwọn irinṣẹ́ tó nílò jọ: compiler tó ń tú èdè C sí èdè ẹ̀rọ, CMake tó ń yẹ ilẹ̀ wò kí ìkọ́lé tó bẹ̀rẹ̀, Ninja tó ń darí iṣẹ́ náà, àti libpcap tó ń gba dátà láti ara nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Fáìlì kan wà nínú kóòdù náà, debian-setup.sh, tó ń bá ènìyàn kó púpọ̀ nínú wọn jọ. Lẹ́yìn náà, yóò ṣí fódà kan tó pè ní build sínú kóòdù náà, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì tẹ àṣẹ mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ: “cmake -G Ninja ..”, “ninja”, àti “sudo ninja install”.

Ó lè kùnà lẹ́ẹ̀kíní. CMake lè sọ pé òun kò rí ohun kan. Ibi tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ náà yóò ka ohun tí ẹ̀rọ sọ, yóò wá ohun tó kù, yóò sì tún gbìyànjú. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé sọ́fúwíà kì í dá dúró, pé èyí ń gbára lé òmíràn. Kò sí bí a ṣe lè fi nóòtì dídàkọ kọ́ ọmọ ní èyí. Èdè wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: “kọ́” tí a fi ń kọ́lé náà la fi ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, ẹ rántí UTME 2025. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú èsì ìdánwò ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Àwọn ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. 206,610 nínú wọn jẹ́ ti Èkó. Gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ti ṣàlàyé, wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí sọ́fúwíà ìdánwò náà, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò dé orí àwọn server tó ń sin agbègbè wa, wọn kò sì mọ̀ kí èsì tó jáde.

Ẹkún tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa sun nígbà náà wá láti ara ìyàtọ̀ tó wà láàárín kóòdù tí a ti tún kọ àti kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ọmọ tó bá ti kọ́ Wireshark lẹ́ẹ̀kan mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó ti rí i pé bó ti wù kí òun tún kóòdù kọ tó, bí òun kò bá tún sọ́fúwíà náà kọ́ kí òun sì fi í sórí ẹ̀rọ, ti àtijọ́ ni yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dàgbà di ẹni tó ń béèrè pé, “Èwo ló wà lórí ẹ̀rọ yìí gan-an?” Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ rí iye ọmọ tí àìbéèrè rẹ̀ dá padà sí gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Ní oṣù Kìíní 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kí ó má ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Nínú ilé wa, gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù ni, “Wọ́n ti jẹ dátà mi.” Ta ni “wọ́n”? Bí kọ̀ǹpútà bá ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù ilé, Wireshark lè fi hàn wá, lábẹ́ ohun tó pè ní Conversations, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, ibi tó ń bá sọ̀rọ̀, àti iye dátà tó ti kọjá láàárín wọn. Ẹni tó lọ ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kì í sanwó láìwo ẹja. Dátà nìkan là ń ra pẹ̀lú ojú dídì.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí èyí tí wọ́n ti kọ́ tán wà, wàhálà kí là ń wá?” Òótọ́ ni. Ẹni tó kàn fẹ́ lò ó lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n ti kọ́ tán dára fún un. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ la wà. Iyán ń bẹ ní búkà, síbẹ̀ ìyá ṣì ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń gúnyán.

Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù pé irú ẹ̀kọ́ báyìí lè sọ ọmọ di ọmọ Yahoo. Ẹ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yahoo kò dúró de tíṣà kankan. Òfin Cybercrimes ti 2015 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn máa gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láìní àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tìrẹ nìkan, tàbí ti ẹni tó fún ọ láyè. Bákan náà, púpọ̀ nínú àwọn ojúlé òde òní ló ti ti ọ̀rọ̀ wọn pa. Apò lẹ́tà ni Wireshark ń rí níbẹ̀, kì í rí ohun tó wà nínú lẹ́tà. Ọmọ tó bá sì ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí a tẹ̀ sórí ojúlé tí kò ní títì ń hàn gbangba, kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì síbẹ̀.

Ti iná àti ẹ̀rọ ńkọ́? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀rọ kan tó fún ọmọ mẹ́fà láti bẹ̀rẹ̀. A lè gba kóòdù náà lẹ́ẹ̀kan, kí a fi flash pín in káàkiri. Bí ẹ̀rọ kò bá lágbára, a lè fi “-DBUILD_wireshark=OFF” kún àṣẹ cmake, kí a má kọ́ apá tó ní fèrèsé àti àwòrán, kí a lo tshark tó ń fi ọ̀rọ̀ lásán dáhùn. Bí ó bá ń falẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí a bá wà ní ìsinmi ọ̀sán.

Olùrànlọ́wọ́ kò jìnnà. LASUSTECH, tó ti jẹ́ Póli Èkó kí ó tó di yunifásítì ní 2022, wà ní Ìkòròdú. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti LASU wà ní Ẹ̀pẹ́. Ṣé ó pọ̀ jù bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn bá ń wá sí ilé ìwé girama tó wà nítòsí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní máàkì fún ohun tó ṣiṣẹ́, kì í ṣe fún nóòtì tó mọ́ nìkan. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ìpàdé PTA, ẹ má béèrè ohun tí a kọ sínú ìwé mọ́. Ẹ béèrè ohun tí a kọ́, kí ẹ sì ní ká tàn án kí ẹ rí i.