Ilẹ̀ Tí Kò Sí Láyé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá nídìí òpó rédíò. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Ibereko, lọ́nà Àgbádárìgì. Ó ti gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Ìgbì 3.5 MHz tí ó fẹ́ lò gùn tó mítà 86. Òpó tí ó bá a mu yẹ kí ó ga tó mítà 21, ṣùgbọ́n àyè ilé rẹ̀ kò gbà ju mítà 5 lọ. Irú òpó kúkúrú bẹ́ẹ̀ kì í gba agbára dáadáa, àfi bí a bá wé wáyà bàbà sí ìdí rẹ̀ láti fi dí ohun tí gígùn rẹ̀ kù.

Kí ó tó ra bàbà, ó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà dán an wò. Ọgbọ́n ni. Ó lo EZNEC, ètò tí Roy Lewallen ará Amẹ́ríkà ṣe, tí ó di ọ̀fẹ́ ní ọdún 2022. Kọ̀ǹpútà bi í léèrè irú ilẹ̀ tí òpó náà yóò dúró lé. Ó rí ‘Perfect’, ó ní, “Èyí tó dára jù náà ni mo fẹ́.” Kò sì kọ iye agbára tí wáyà yóò jẹ sílẹ̀. Èsì dùn, ó náwó, ohùn rẹ̀ kò sì jìnnà.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Nínú òpó mítà 5 yìí, ipa tí ń di ìgbì kò ju ohm 1.3 lọ. Wáyà tí a wé, bí ó ti wù kí ó dára tó, lè jẹ ohm 4. Bí ilẹ̀ bá jẹ ohm 10, nínú wáàtì 100, èyí tí yóò jáde kò tó 9. Ìyókù ń mú wáyà àti iyanrìn gbóná.

Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ló purọ́. N kò gbà. Ohun tí a bi í ló dáhùn. Nínú iṣẹ́ yẹn, ‘Perfect’ kì í ṣe ilẹ̀ tó dára. Ilẹ̀ tí kì í jẹ nǹkan kan rárá ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní Yorùbá pé “ilẹ̀ tí kì í jẹun”, ọmọdé Ibereko pàápàá yóò rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ kì í yó?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi pín sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí yóò fi kọ̀ǹpútà dán òpó wò, kí ó sọ òtítọ́ fún un nípa wáyà àti ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tẹ́ wáyà púpọ̀ yí ìdí òpó ká kí ilẹ̀ má baà jẹ púpọ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jókòó ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, kí a wá orúkọ tí ó ṣe kedere fún irú nǹkan wọ̀nyí. Àìní orúkọ yìí ti ná ẹ̀gbọ́n mi lówó.

Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.