Ìkáwọ́ ta ni ilé náà wà? Ìbéèrè tí òfin ń bi onílé ní Moníyà

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ tó wà ní Moníyà, àwọn tó ń wá ilẹ̀ kọ́lé sí ti túbọ̀ yíjú sí olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé yìí. Bí ilé tuntun ṣe ń jáde ni ohun tó lè ṣeni léṣe ń bá a rìn: kànga tí kò ní ìdérí, ògiri tó ti sán, àtẹ̀gùn tí kò ní ohun ìdìmú, ihò ṣalángá tí wọ́n fi pákó jíjẹrà bò. Bí àlejò bá kó sí ọ̀kan nínú wọn, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé àyànmọ́ rẹ̀ ni. Ìbéèrè tí òfin ń béèrè yàtọ̀: ìkáwọ́ ta ni ibẹ̀ wà?

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ṣòfin lé e lórí ní òpin àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ ní 1957. Òfin náà ní kí ẹni tó ń ṣàkóso ilé tọ́jú rẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ, kí ẹni tó bá gbà láyè láti wọlé má baà farapa. Ó tún ní kó máa rántí pé ọmọdé kì í ṣọ́ra bí àgbà. Pátákó tí wọ́n kọ “Ẹ ṣọ́ra” sí kò sì tó láti gba onílé sílẹ̀, àfi bí ìkìlọ̀ náà bá lè dáàbò bo àlejò ní tòótọ́.

Àkóso ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí ayálégbé kan bá gba odidi ilé, òun ni yóò kọ́kọ́ dáhùn fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ayálégbé mẹ́jọ ti ń gbé, tí kálukú gba yàrá tirẹ̀, ìkáwọ́ onílé ni àtẹ̀gùn, àgbàlá àti kànga tí gbogbo wọn jọ ń lò ṣì wà, ìbáà jẹ́ ìlú òyìnbó ló ń gbé.

Àkóso nìkan kọ́ ni ilé-ẹjọ́ ń wò ṣá o. Ní 1966, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ àlejò kan tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn tó ṣókùnkùn nílé ọtí, tó sì kú. Wọ́n ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ilé àti ti alábòójútó ibẹ̀ ni ilé náà jọ wà. Síbẹ̀, opó ọkùnrin náà kò rí owó gbà, nítorí wọn kò rí ìwà àìbìkítà kankan lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìjàm̀bá Bódìjà ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024 tún lójú tirẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan. Ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún kú, àwọn tó lé ní àádọ́rin farapa, ọ̀pọ̀ ilé sì bàjẹ́. Fún irú èyí, ìlànà kan wà láti 1868: ẹni tó bá kó ohun eléwu sórí ilẹ̀, tí ó sì jáde ba ti aládùúgbò jẹ́, ni yóò san án, bí kò tilẹ̀ jáfara. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa lo ìlànà náà fún Shell-BP ní 1975 lórí ìdọ̀tí epo. Ní ti onílé tí kì í ṣe òun ló kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé, ohun tí kóòtù yóò wádìí ni bóyá ó mọ̀, tó sì gbà. Onílé tó ń gbowó láìbéèrè iṣẹ́ tí ayálégbé ń ṣe ń finá ṣeré.

Kí ló wá dé tí irú ẹjọ́ yìí kò fi wọ́pọ̀? Ayálégbé tó bá pe onílé lẹ́jọ́ mọ̀ pé ilé mìíràn ni òun yóò wá. Baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé yóò bẹ̀bẹ̀ pé kó fi fún Ọlọ́run. Ẹ̀bẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n a lè dárí ji ènìyàn ká sì tún gba owó ilé ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àìsí ẹ̀rí ló sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nba ẹjọ́ tó dé kóòtù. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti bo kànga, wọ́n ti rẹ́ ògiri. Àwòrán tí wọ́n fi fóònù yà lọ́jọ́ náà gan-an, rìsíìtì ilé ìwòsàn àti orúkọ àwọn tó ṣojú wọn ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ béèrè.