Adójútòfò Tàbí Adójútìwá? Ọ̀rọ̀ Lórí Gíláàsì Ọkọ̀ Tó Sán

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti fonọ́lọ́jì, kì í sì í ṣe ti lítíréṣọ̀ alohùn. Ọ̀rọ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá rò pé kò kan òun nítorí pé òun kò ní ọkọ̀, kí ó fara balẹ̀ ná. Àwa náà kò rò pé ó kàn wá, àfi ìgbà tí òjò rọ̀ sí wa lára nínú ọkọ̀ tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Ọkọ̀ náà jẹ́ ti bàbá ọ̀kan nínú wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Corolla àtijọ́ ni. Bàbá yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọmọ wọn nígbà tó wọ ọdún àṣekágbá, àwa mẹ́rin sì jọ ń dá owó epo. Nínú oṣù Èrèlé, a ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ifẹ̀, a ti kọjá Aṣéjìrẹ́ díẹ̀, ni típà kan tó kó òkúta wẹ́wẹ́ láìfi nǹkan kan bò ó bá yà wá sílẹ̀. Òkúta kan fò wá, ó dún "tá!" lára gíláàsì. A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Ojú ibi tó bà kò fẹ̀ tó ẹyọ owó kọ́bọ̀ kan. Típà ti lọ ní tirẹ̀. Ta ni yóò wá sáré lé típà?

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ wa ló ní ìmọ̀ràn. Mẹkáníìkì wa ní kí a ṣáà máa wà á lọ, pé òun mọ ọkọ̀ tó ti fi irú rẹ̀ rìn fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ wa kan ní kí a lẹ sítíkà mọ́ ọn. Ìyá àgbà kan tí a gbé láti Ìkirè ní kí a máa dúpẹ́, òkúta tí ì bá fọ́ wa lójú ló bá gíláàsì yẹn. A dúpẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa wá dárúkọ ínṣọ́ránsì, gbogbo ilé ló fi rẹ́rìn-ín: "Ínṣọ́ránsì? Ta ni wọ́n sanwó fún rí?"

Gbólóhùn ìbéèrè yẹn gan-an ni a fẹ́ bá jà lónìí. Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ẹni tó bá sọ ọ́ máa ń dà bí ẹni tó mọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni náà bóyá òun fúnra rẹ̀ ti kọ ìwé béèrè owó rí, ẹ ó rí i pé kò kọ ọ́ rí. Bàbá rẹ̀ kò kọ ọ́ rí. A kì í béèrè, a sì ń fi àìrígbà wa ṣe ẹ̀rí pé wọn kì í san.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gíláàsì náà. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ kò rí bíi ti ẹ̀gbẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́, bí ó bá fọ́, a fọ́ yángá, a di wóróworó. Ti iwájú, gíláàsì méjì ni wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín kan lẹ̀ pọ̀ láàárín, kí ó má baà fọ́ dànù sí ẹni tó jókòó lójú. Ọmọ Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà, Édouard Bénédictus, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú gíláàsì yìí ní 1909. Rọ́bà yẹn ni kò jẹ́ kí ó já lulẹ̀ nígbà tó bá sán, òun náà ló sì ń tàn wá jẹ pé kò sí nǹkan. Ibi tí òkúta bà, bí ó bá ṣì kéré, wọ́n lè rọ oje kan sí i tí yóò dí i, kò ní tàn mọ́. Iṣẹ́ bíi wákàtí kan ni. A kò mọ̀. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ń yan gíláàsì láti ìta, àwa ń fi ẹ̀rọ amúlétutù tu ú nínú, gbogbo gálọ́ọ̀pù ojú títì sì ń mì í. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú kékeré yẹn ti di ìlà tó gùn láti ọwọ́ òsì dé iwájú awakọ̀. Ní alẹ́, bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá kọ lù ú, ìlà náà á tàn yòò bí okùn iná, ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò ní rí ẹni tó ń rékọjá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni gíláàsì fífọ́ jẹ́ lójú òfin wọn, wọn kò sì parọ́ mọ́ wa.

Ìgbà yẹn ni a tó dá owó jọ. A lọ sí Àràròmí ní Agodi Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ìbàdàn. A ra tòkunbọ̀. Owó tí a ná lé e tó oúnjẹ àwa mẹ́rin fún oṣù kan, a sì jẹ gààrí tó pọ̀ nínú oṣù náà. Ẹni tó bá wa fi í sí i yọ ti tẹ́lẹ̀, ó jù ú sí ààtàn, ó fi gọ́ọ̀mù kan lẹ tuntun náà, ó ní kí a máa lọ lójú ẹsẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó yẹ kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ máa ń gba wákàtí díẹ̀ kí ó tó dì. Gíláàsì yẹn kì í ṣe fèrèsé lásán o. Ó wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ọkọ̀ ró bí ọkọ̀ bá dojú dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun ni àpò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú èrò máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá bẹ́ jáde. Bí a kò bá lẹ̀ ẹ́ dáadáa, orúkọ lásán ni gíláàsì. Òjò àkọ́rọ̀ ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Omi ń kán sórí ìwé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde.

Níbi tí a ti ń wá aṣọ tí a ó fi nu omi ni a ti ṣí àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Ìwé kan wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìwé ínṣọ́ránsì ni. Kì í ṣe third party, comprehensive ni! A pe Bàbá lórí fóònù.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé kan wà nínú ọkọ̀..."

"Ìwé wo? Àà, ìyẹn? Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Àwọn ló ní dandan ni kí n máa san án nígbà tí mo yá owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sọ ọ́ nù o, wọ́n lè béèrè rẹ̀."

Ọdún mẹ́ta ni Bàbá ti ń san owó náà, tí wọ́n rò pé ti ẹlòmíràn ni. A ka ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí dé ibi tí wọ́n kọ wínníwínní. Gíláàsì iwájú wà níbẹ̀ kedere, wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì kọ iye tí àwọn lè san lórí rẹ̀. Kíá, a mú ọ̀nà pọ̀n. Ìyá tó jókòó sídìí tábìlì gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, fọ́tò gíláàsì tó sán náà dà?" A kò yà á. "Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?" Ó ti lé ní oṣù méjì. "Ẹni tí a ó rán láti wá wò ó, kí ni yóò wò?" Gíláàsì wà ní ààtàn Àràròmí. Ìwé náà ní kí a tètè sọ fún wọn, kí a má sì tún un ṣe kí wọ́n tó rí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn ló sì dùn wá jù. Bí wọ́n bá ti rẹ́ wa jẹ ni, à bá bínú, à bá sì sùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ínṣọ́ránsì, NAICOM, ti là á sílẹ̀ pé owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọkọ̀ tó. Ọkọ̀ tí wọ́n dá lé 4,000,000 náírà, ó kéré tán, 200,000 ni olówó rẹ̀ ń san lọ́dún. Ọdún mẹ́ta, 600,000. Ta ni nínú yín tó lè fi 600,000 ta ọrẹ fún ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ó wá jẹ gààrí oṣù kan láti fi ra tòkunbọ̀? Ohun tí a sì ń pè ní ọgbọ́n ìlú nìyẹn!

Third party yàtọ̀ pátápátá, a kò sì ní tan ara wa. Ọkọ̀ àdáni ń san 15,000 náírà lọ́dún láti 2023 kan náà. 5,000 ni tẹ́lẹ̀. Òfin sọ ọ́ di dandan, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2025. Ẹni ẹlẹ́ni tí a bá fi ọkọ̀ ṣe lọ́ṣẹ́ ni ó wà fún, àti dúkìá rẹ̀, dé 3,000,000 náírà. Kò ní fi kọ́bọ̀ kan sí gíláàsì tiwa. Ẹni tó ní third party nìkan kí ó má lọ da ọ́fíìsì wọn láàmú. Kí ó wá owó, kí ó tètè dí ojú kékeré náà kí ó tó di ńlá. Ṣùgbọ́n kí òun náà ṣe àyẹ̀wò ìwé rẹ̀ nínú àkójọ NIID, kí ó mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ayédèrú pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé ọkọ̀ lẹ́bàá títì.

A gbà pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kí a béèrè. Ìwé mìíràn wà tó ní kí ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ fi iye kan sílẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀. Bí títún gíláàsì ṣe kò bá tó iye yẹn, àṣedànù ni ìbéèrè. Ìwé mìíràn tún wà tó ń fún ẹni tí kò béèrè nǹkan kan lọ́dún ní ẹ̀dínwó, tí ìbéèrè kékeré kan sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan yọ gíláàsì kúrò nínú ìyẹn. Ẹni tó bá ka tirẹ̀, tó ṣírò rẹ̀, tó wá pinnu pé òun kò ní béèrè, a kí i. Ẹni tí kò kà á rárá ni a ń bá wí, a sì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni kò jẹ́ kí Bàbá kà á? Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n gbọ́ Òyìnbó. Òyìnbó tó wà nínú ìwé yẹn, lọ́yà ló kọ ọ́ fún lọ́yà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá. Àwọn àgbà tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní "adójútòfò", ohun tó ń dójú ti òfò. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fi Yorùbá polówó lórí rédíò láti gba owó wa, tó wá fi Òyìnbó lọ́yà kọ ọ̀nà tí a ó gbà rí owó náà padà, ta ni ó ń dójú tì? Òfò ni tàbí àwa? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníròyìn wa, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ owó tí ínṣọ́ránsì san, wọn a ní owó "gbà-máà-bínú". Rárá o! Ẹni tó ṣẹ̀ wá ló ń fún wa ní gbà-máà-bínú. Ẹni tí a ti sanwó fún ṣáájú, gbèsè ló ń san. Òfin ní kò sí ààbò bí owó kò bá tíì wọlé. Wọn kì í tà á láwìn fún wa. Kí ló dé tí àwa fi ń tijú bí ẹni tó lọ tọrọ?

A mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: pé ta ni yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá? Awakọ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá ní gáréèjì yóò kà á. Ìyá tó ní bọ́ọ̀sì méjì ní Mọ́kọ́lá, tó ń fi Yorùbá kọ àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀, yóò kà á. A kò ní kí wọ́n sọ Òyìnbó nù. A ní kí ojú ìwé kan péré wà lẹ́yìn rẹ̀ ní Yorùbá, tí yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ohun tí kò sí níbẹ̀, àti ohun tí ó yẹ kí á ṣe lọ́jọ́ tí òkúta bá fò.

Àwa ti bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé náà pẹ̀lú ìwé Bàbá. Owó tí ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀, a pè é ní "ìpín ọlọ́kọ̀". Ẹ̀dínwó ẹni tí kò béèrè, a pè é ní "ẹ̀dínwó àìbéèrè", ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó mú un wá. Ìwé Bàbá yóò parí nínú oṣù Bélú. Wọ́n ti ní àwọn yóò tún un san, pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn mọ̀ pé ti àwọn ni. Gíláàsì Àràròmí ṣì ń jò lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ a máa gbé agbòjò dání.